Ìyá Àgbà Méjì àti Ẹ̀rọ Awárin

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, Ìyá Agbẹ̀bí di ẹrù sínú báàgì kan, ó wọ ọkọ̀, ó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Agbẹ̀bí ni lóòótọ́, kì í ṣe oyè ẹnu lásán. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń gbẹ̀bí nílé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ wáyé tò sójú títì, ọkọ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá. Nítorí náà, nígbà tó kan ilẹ̀kùn ilé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti dá a lójú pé ọ̀gá ti dé.

Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Àna rẹ̀ ni, ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀, aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ lọ. Láti àárọ̀ kùtù lobìnrin náà ti dé. Ó ti to aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní yàrá àlejò, ó sì ti gba apá ibi tó dáa jù lórí ibùsùn tí àwọn méjèèjì yóò jọ máa sùn.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna mi," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ẹ rọra wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọmọ sùn ni."

"Ẹ ṣeun, àna mi," ni Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Ẹ̀yìn lẹ fi tẹ́ ẹ ni, àbí ẹ̀gbẹ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú kòtò kan. Ilé ọ̀hún kò sì tóbi: yàrá méjì, pálọ̀ kan, àti ilé ìdáná tóóró tí èèyàn méjì ò lè yà fúnra wọn níbẹ̀ láìfara kanra. Ìyá Aránṣọ á dé ọmọ ní fìlà. Bó bá ti yíjú, Ìyá Agbẹ̀bí á ṣí i. Èyí á ní omi ìwẹ̀ ti gbóná jù, ìyẹn á ní ó ti tutù jù, ọmọ á máa ké láàárín wọn, omi ọ̀hún á sì tutù lóòótọ́ kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn. Ojú ìyá ìkókó ti wọnú. Bó bá ní kóun rẹjú díẹ̀ lọ́sàn-án, á gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tó burú ju ariwo lọ sọ fún èkejì pé, "Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Ọkọ rẹ̀, afìwéránṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà kiri àdúgbò, ló ronú kan ọgbọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó fa páálí gígùn kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e síwájú àwọn ìyá méjèèjì bí ẹni gbé ẹ̀bùn kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wo nǹkan tí mo rà lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ awárin ni. Bí ẹ bá ń gbé àwo ìsàlẹ̀ yìí kọjá lórí ilẹ̀, tí irin bá wà lábẹ́, á dún. Owó ẹyọ táwọn èèyàn ń sọ nù ní ọgbà ìgbafẹ́, àìmọye ni. Òun ni wọ́n fi ń wá a."

"Ìwọ ti rí tó mélòó?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Èmi ti rí ìdérí ìgò."

"Mo ní owó."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀."

Láti inú yàrá ni ohùn ìyá ìkókó ti jáde. "Ẹ lọ o, ẹ̀yin ìyá! Ẹ lọ gbatẹ́gùn sára. Ẹ má sáré padà rárá."

Ọgbà ìgbafẹ́ náà ò jìnnà sílé. Koríko wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, jáńgílọ́fà àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ ni ìdọ̀tí. Gbogbo ẹni tó ti ṣí ìgò rí ni ó jọ pé ó ti wá ṣí i nínú ọgbà yẹn. Agolo tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, ìwé dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì, ìṣó, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́, gbogbo wọn ti wọnú ilẹ̀ lọ pẹ̀lú òjò àti àtẹ̀mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ọgbà náà, àgbàlagbà tó fi fèrè kọ́ ọrùn, tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lábẹ́ igi kan náà lójoojúmọ́. Aṣọ́gbà ni gbogbo ayé ń pè é. Ó wo àwọn obìnrin méjèèjì láti òkè délẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má wá nǹkan," ló wí, "àmọ́ òfin méjì ló wà. Ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́, ẹ dí i. Ìdọ̀tí tẹ́ ẹ bá hú, ẹ gbé e lọ."

"A gbọ́, bàbá," ni wọ́n wí.

Ìyá Agbẹ̀bí gbé ẹ̀rọ, Ìyá Aránṣọ gbé ṣọ́bìrì kékeré. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ó ké. Wọ́n gbẹ́bẹ̀: ìdérí ìgò. Wọ́n ṣí ẹsẹ̀ kan. Ó ké. Ìdérí ìgò. Wọ́n yà sápá òsì, ó ké wíìwíìwíì bí adìyẹ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀: agolo. Nígbà tí oòrùn fi máa kàn wọ́n ní àtàrí, ìdọ̀tí ti kún báàgì tí wọ́n mú wá fún owó, orúnkún Ìyá Aránṣọ ti ń dún ju ẹ̀rọ lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì fojú kan owó kankan.

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n gbé," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n gbẹ́," ni Ìyá Agbẹ̀bí fèsì.

Wọ́n rìn délé, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí ò lè sùn dáadáa. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹ̀rọ lásánlàsàn ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ ti ka ìwé tó wà nínú páálí. Ó ní òun ti mọ àṣírí rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé irú irin báyìí, má dún fún un mọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì náà títí: má dún fún ìṣó, má dún fún ìdérí ìgò, má dún fún agolo, má dún fún ìwé dídán. Ó ṣe bí ìyàwó ilé tó ń lé àlejò burúkú jáde.

Áà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé! Wọ́n rìn láti ẹnu ọ̀nà ọgbà títí dé ìdí odi, kò dún. Wọ́n rìn padà, kò dún. Inú Ìyá Aránṣọ ń dùn. "Ẹ rí i bó ṣe dákẹ́? Ẹ̀rọ tó gbọ́ràn nìyẹn."

"Àna mi," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí nígbà tó yá, "ẹ̀rọ yìí ò kú bí?"

"Kò kú. Iná wà lójú ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ìyá Aránṣọ yọ owó ẹyọ kan nínú àpò ara rẹ̀, ó jù ú sínú koríko. Ìyá Agbẹ̀bí gbé àwo kọjá lórí ibẹ̀. Kò dún. Ó gbé e kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ́pẹ́pẹ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó má gbọ́ ti ìdérí ìgò, kò gbọ́ ti owó mọ́.

"Ó dáa, ẹ mú owó yín," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

Ìyá Aránṣọ wo ilẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ibo ló wà?"

"Ẹ̀yin lẹ jù ú."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo jù ú!"

Bí àwọn ìyá àgbà méjì ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya koríko bí ẹni ń wá iná lórí ọmọdé, tí ẹ̀rọ awárin gbówólórí sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń tan iná pípọ́n bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá a títí. Ni Ìyá Agbẹ̀bí bá gbójú sókè, ó rí àna rẹ̀, gèlè ti yẹ̀ sí etí kan, koríko wà ní imú rẹ̀.

"Àna mi," ló wí, "a wá síbí láti wá wá owó olówó. Tiwa la wá sọ nù."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ jáde nímú Ìyá Aránṣọ bí ẹni fẹ́ sín. Lẹ́yìn náà ló já gbà. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Ẹ̀rín mú Ìyá Agbẹ̀bí náà débi tó fi ń di ẹ̀gbẹ́ mú, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ń wò wá," ó sì tún ń bú sí ẹ̀rín. Láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ wọn ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, tí wọ́n sì ti rí owó náà lábẹ́ orúnkún ẹni tó jù ú, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n tú gbogbo ohun tí wọ́n ní kó má gbọ́ sílẹ̀, àfi ìṣó nìkan. Wọ́n tẹ́ owó ẹyọ sórí koríko, wọ́n fi ìdérí ìgò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwo ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ náà ń bo àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdérí sì ń bo ohùn owó mọ́lẹ̀.

"Àwo kékeré kan wà nínú páálí tí mo gbé dání yìí," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Kò tóbi ju ọwọ́ tí mo là yìí lọ. Ọ̀ra tí wọ́n fi wé e kò tíì kúrò lára ẹ̀."

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá gbọ́ ọ: ìdérí ìgò ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, owó ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

"Agbára ìgbọ́ ẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ bi í. "Ọmọ mi fi í sí òkè pátápátá."

Ìyá Agbẹ̀bí mi orí. "Ẹ fà á wálẹ̀. Nígbà tí mò ń fi fèrè onígi gbọ́ ọkàn ọmọ inú aboyún, ẹni tó bá tẹ etí mọ́ ọn pẹ̀lú ipá, ọkàn ìyá lá gbọ́, ìfun ìyá lá gbọ́, bàtà nọ́ọ̀sì tó ń kọjá náà lá gbọ́. Mo máa ń rọra dákẹ́ ni, kí ohùn ọmọ fúnra ẹ̀ wá bá mi. Ilẹ̀ yìí ti kún fún ariwo. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ díẹ̀, kí díẹ̀ ọ̀hún lè dá yàtọ̀."

Ìyá Aránṣọ fà á wálẹ̀, kò jiyàn. Òun náà ní ohun tó fẹ́ sọ. "Ẹ̀yin náà, ẹ̀ ń sáré jù. Ẹ̀ ń fi nǹkan náà gbálẹ̀ ni. Bí mo bá ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ kì í fò. Ojú abẹ́rẹ́ kan á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹ rọra, kí ibi tẹ́ ẹ gbà lọ fi díẹ̀ gun ibi tẹ́ ẹ gbà bọ̀."

Wọ́n sì ṣàwárí ohun kan tí kò sí nínú ìwé. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá gbé àwo kọjá lórí ìdérí ìgò láti ìhà kan, á dún bí ohun gidi. Bó bá yí i padà láti ìhà kejì, ohùn á já, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á máa fò sókè sódò. Àmọ́ owó, ibi yòówù kí wọ́n gbà yọ sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ.

"Ẹ ò rí i?" ló kígbe. "Elékèé nìdérí ìgò! Ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, á yí ohùn padà!"

Aṣọ́gbà dé, ó ní ariwo ẹ̀rọ yẹn ń dí òun lọ́wọ́, bí òun bá tòògbé ó ń jí òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Íápíìsì ńlá kan wà nínú páálí tí wọ́n lè fi bo etí kí ẹlòmíì má gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e sétí? Ẹni tó bá gbé e kọ́ ló ń gbádùn, ẹnì kejì á kàn dúró bí igi. Wọ́n fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n pín in. Ìyá Agbẹ̀bí fi apá kan bo etí ọ̀tún, Ìyá Aránṣọ fi apá kejì bo etí òsì, wọ́n lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Bí ọ̀kan bá sín, orí méjèèjì ló ń mì.

Lábẹ́ jáńgílọ́fà ló ti ṣẹlẹ̀. Ohùn kan jáde láàárín gbọ́ngbọ́n àti kùnrùnkùnrùn àwọn ìdọ̀tí, tínrín, mímọ́, ó dún bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta ife. Wọ́n dúró. Wọ́n yípo. Ìhà kejì, ohùn kan náà. Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀, ó rọra gé koríko náà yípo bí ẹni gé ọrùn aṣọ, ó ki ìka bọ ilẹ̀.

Owó ẹyọ ni. Ó dúdú, ilẹ̀ ti mu ún, àmọ́ owó ni.

Wọn ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n ti gbàgbé pé okùn íápíìsì so àwọn méjèèjì mọ́ra, nítorí náà nígbà tí ọ̀kan fò sókè, èkejì ní láti fò pẹ̀lú ẹ̀. Aṣọ́gbà sáré dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

"Ejò dà?"

"Kì í ṣe ejò, bàbá! Owó ni! Owó!"

Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. "Kò tó ra búrẹ́dì."

"Ta ló ń jẹ búrẹ́dì?" ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé pa rọ́rọ́. Ìyá ìkókó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Àwọn ìyá tí wọ́n lé jáde kò wálé mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti jí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílé ìdáná, wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì.

"Màámi, ẹ bá mi wẹ ọmọ," ni ìyá ìkókó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìyá Agbẹ̀bí ń so okùn bàtà. "Ìwọ wẹ̀ ẹ́. O mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa."

"Èmi? Èmi tẹ́ ẹ sọ níjọ̀ọ́sí pé mo fẹ́ bó o lára?"

"Ìyẹn ti kọjá. Ó ti yé ẹ báyìí."

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Aránṣọ ti ń ké. "Àna mi, ẹ jẹ́ ká lọ! Òjò rọ̀, ilẹ̀ ti dẹ̀, ohùn á jáde kedere!"

"Fìlà ńkọ́?" ni ìyá ìkókó bi wọ́n. "Kí n dé ọmọ ní fìlà, àbí kí n má dé e?"

"Èyí tó bá wù ẹ́!" ni àwọn méjèèjì dáhùn pa pọ̀, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Ìyá ìkókó dúró láàárín pálọ̀. Ọmọ ń ké. Aṣọ ọmọ ti ga nínú bàsíà bí òkè. Ó fara dà á títí di ọ̀sán. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tì í jáde, ó doríkọ ọgbà ìgbafẹ́ pẹ̀lú ìbínú tó ń gbá kẹ̀kẹ́ náà síwájú ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ó rí wọn láti òkèèrè, orí méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe ń sún mọ́ wọn, ìyá rẹ̀ ju ọwọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀! Má wá síbí! Padà sẹ́yìn!"

Ojú ìyá ìkókó là. "Màámi, ọmọ-ọmọ yín lẹ̀ ń lé?"

"Kì í ṣe ọmọ ni mò ń lé, irin ìdí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni! Ó ń ké mọ́ wa létí!"

Ìyá ìkókó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó rìn wọ àárín wọn, ó dúró, ó tú u jáde. Ó ní òun ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó ní òun ò ní kí wọ́n máa bára wọn jà, òun ò sì ní kí wọ́n máa lọ pátápátá, ṣé kò sí ohun tó wà láàárín méjèèjì ni? Ó ní ó rẹ òun.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Agbẹ̀bí lára. Àìmọye ìgbà ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń kìlọ̀ fún ẹbí ẹlẹ́bí pé, "Ẹ má fi ìyá ìkókó sílẹ̀ lóun nìkan o." Ojú tì í. Ó la ẹnu láti tọrọ àforíjì. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ti mọ́ lára, kò tíì dẹ́kun àti máa gbé àwo náà lọ, kó máa gbé e bọ̀. Bí àwo ṣe kọjá níwájú bàtà ọmọ rẹ̀, ohùn tínrín yẹn dún létí rẹ̀. Ó dún létí Ìyá Aránṣọ náà. Wọ́n wo ara wọn.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí jẹ́ẹ́jẹ́, "òótọ́ lo sọ. Àwa la jẹ̀bi. Máa bínú lọ. Àmọ́ jọ̀ọ́, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ."

Ìyá ìkókó wò ó. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tí kò mọ̀ bóyá kí òun gbẹ́ ẹ tàbí kí òun bẹ̀bẹ̀. Ètè ìyá ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tó jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, tó mú kó jókòó sílẹ̀ lórí koríko tútù, tó fi ń sọ pé, "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ̀yin obìnrin yìí!"

"Rọra rẹ́rìn-ín o," ni ìyá rẹ̀ ń sọ, "ara ẹ ò tíì le." Òun fúnra rẹ̀ kò sì lè mí.

Ìyá Aránṣọ bọ́ íápíìsì, ó fi bo etí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Gbọ́ ọ fúnra ẹ. Ìyẹn, agolo ni. Fi í sílẹ̀. Ìyẹn, ìdérí ìgò. Gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń já? Ó ń purọ́. Ó dáa, dúró... ìyẹn!"

"Áà," ni ìyá ìkókó wí, ojú rẹ̀ sì tàn bí ti ọmọdé.

Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ hú u jáde. Owó ńlá àtijọ́ kan ni, èyí tí wọn kì í ná mọ́, ojú rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Ó dì í mú, kò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà náà ni wọ́n rántí ọmọ. Wọ́n sáré lọ sábẹ́ igi, àwọn mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀. Ọmọ tó ń ké láti àárọ̀ nínú ilé, tí kì í jẹ́ kí wọ́n tẹ́ òun sílẹ̀, ti sùn fọnfọn lábẹ́ ewé tó ń mì. Aṣọ́gbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ kan mì í.

"Ẹ má pariwo," ló wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í lọ́kàn balẹ̀ ni."

Ibẹ̀ ni ọkọ bá wọn nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá ilé lófìfo, tó sì sáré wá pẹ̀lú àpò lẹ́tà léjìká. Ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì tí Aṣọ́gbà bù fún un, tí ẹrẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rí ẹ̀rín yẹn.

"Ẹ fún mi lẹ́rọ mi," ló wí, "ẹ jẹ́ kí èmi náà wá a."

Ó gbà á, kò bèèrè nǹkan kan, ó gbé agbára ìgbọ́ lọ sí òkè pátápátá. Ẹ̀rọ náà bú gbẹ̀ẹ́. Ẹyẹ fò lórí igi. Àwọn obìnrin mẹ́ta já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Lọ jókòó ti ọmọ ẹ!" ni ìyá rẹ̀ wí.

Ìyá Agbẹ̀bí fà á wálẹ̀ padà, ó fẹ́ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń rọra gbé e. Ó gbé àwo kékeré náà kọjá síwájú bẹ́ǹṣì. Ohùn tínrín dún. Ó sún un sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ohùn tínrín, òmíràn, òmíràn, òmíràn, wọ́n ń tẹ̀ léra wọn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń ka orúkọ wọn.

"Bàbá," ló wí, "ẹ dìde."

"Èmi kì í dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì mi," ni Aṣọ́gbà wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kùn, ó dìde. Ọkọ bá a gbé bẹ́ǹṣì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wá rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Pákó bẹ́ǹṣì náà ní àlàfo láàárín. Gbogbo èèyàn tó ti ń wá sinmi níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí wọ́n bá jókòó tán, owó á yọ́ jáde lápò wọn, á gba àlàfo náà lọ sínú ilẹ̀. Aṣọ́gbà fúnra rẹ̀ ti sọ tiẹ̀ nù síbẹ̀, ó ti ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ pé ó ń tú òun lápò.

Wọ́n ń hú u, ó ń jáde. Owó tó ń dán bíi wúra, owó tó funfun bíi fàdákà, owó pupa bí ìpẹtà. Ìyá Aránṣọ ń gé koríko, ìyá ìkókó ń mú, ọkọ ń nu ún mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fẹ ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n ń pariwo, "Òmíì nìyí! Òmíì!" Aṣọ́gbà tó ní wọ́n ò gbọ́dọ̀ jí ọmọ ló ń ké jù. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́lẹ̀ bí ajá, fèrè ọrùn rẹ̀ ti bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì ń dún fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tó bá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dí ihò náà dáadáa, wọ́n tẹ koríko padà, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí ààyè rẹ̀. Aláísìkirimù kan ń kọjá lọ lẹ́yìn odi. Wọ́n pè é, wọ́n sì da ìdajì owó ẹlẹ́rẹ̀ náà sí i lọ́wọ́. Ó wò ó, ó ní ṣé wọ́n ti jalè ní ibojì ni. Àwọn márùn-ún jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ejìká wọn fún mọ́ra, áísìkirimù ń yọ́ sórí ẹrẹ̀ ọwọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé láràárọ̀, ọmọ yóò máa bá àwọn ìyá rẹ̀ àgbà wá sọ́gbà, yóò máa sùn lábẹ́ igi, kẹ̀kẹ́ yóò sì jìnnà sí ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ yóò máa sùn nílé. Bí ọ̀sán bá pọ́n, gbogbo wọn yóò padà wálé, àwọn ìyá yóò fọ aṣọ ọmọ. Aṣọ́gbà ní òun á máa mi kẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá lè máa wá yẹ abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì tó kù wò pẹ̀lú òun.

"Bẹ́ǹṣì mélòó ló wà nínú ọgbà yìí?" ni Ìyá Aránṣọ bi í.

Aṣọ́gbà nawọ́ yíká. Wọn ò tíì wò wọ́n rí bí wọ́n ṣe wò wọ́n nígbà yẹn. Bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ gbogbo igi, bẹ́ǹṣì wà lójú ọ̀nà, bẹ́ǹṣì wà níwájú jáńgílọ́fà níbi táwọn òbí ọmọ ń jókòó, bẹ́ǹṣì sì to lẹ́sẹẹsẹ lọ títí dé ìdí odi. Ìyá Agbẹ̀bí wò wọ́n, òsúkè bá gbé e. Àna rẹ̀ gbá a lẹ́yìn, òsúkè ò lọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, òsúkè gé e. Ó tún gbìyànjú, ó tún gé e, ẹ̀rín sì tún mú àwọn méjèèjì, wọ́n fi orí ti ara wọn, wọ́n ń mì jìgìjìgì, títí áísìkirimù Ìyá Aránṣọ fi já bọ́ sínú bàtà ọmọ rẹ̀, afìwéránṣẹ́ aláìṣẹ̀.